Àmì Ohùn

Ọdún mẹ́rin pé lánàá.
Wọ́n ti kó àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
wọ́n ń gbọn eruku wọn dànù de àwọn tó ń bọ̀.
Èmi Ṣìjúadé, akọ̀wé ìjókòó, mo ṣì wà nídìí tábìlì mi l'Ágodi,
mo ń to àkọsílẹ̀ ilé aṣòfin sínú páálí bisikíìtì
tí mo tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń se tíì.

Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo ń kọ.
Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo kọ: ẹ̀rín.
Bí wọ́n bá pariwo, mo kọ: ariwo.
Bí wọ́n bá sùn, ìwé ìjọba ò láàyè fún oorun.

Abẹnugan àkọ́kọ́, Láọ̀ṣebìkan,
ọkùnrin tí í nu awò ojú rẹ̀ kó tó sọ pé rárá,
oṣù mọ́kàndínlógún ló lò.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìrì ò tíì gbẹ lórí koríko,
ọkọ̀ mẹ́ta wọlé láìtan iná.
Wọ́n wá ọ̀pá àṣẹ títí, wọn ò rí i;
ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ti gbé e sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ ní Yemẹtu.
Ọ̀kadà ló gbé e dé, nínú ìró àdìrẹ.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ìjókòó náà gbà.
Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́:
"Gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan."
Àga mọ́kànlá ṣófo níwájú mi.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀jẹ́tọ́lá gorí àga.
Ìwé ìnáwó gómìnà dé lówùúrọ̀,
ó ti di òfin kí wọ́n tó pín oúnjẹ ọ̀sán.
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn?"
Bẹ́ẹ̀ ni!
"Ẹ̀yin tí ẹ ò fara mọ́ ọn?"
Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń kùn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ọdẹ́yalé dìde lọ́dún mẹ́rin,
lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí a fi ń sọ Yorùbá.
Kò ki ẹnikẹ́ni, kò pa òwe. Ó ní:
"Ní Abà Ìdí-Ọsàn, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló dáa kéèyàn bímọ.
Bí òjò bá dé, agbẹ̀bí ò lè sọdá.
Afárá ni mo wá tọrọ."
Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì,
wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó.
Tẹ̀ẹ́kótó lorúkọ, kànga ni inú.

Ẹ̀rọ tí ìjọba rà fún wa kò mọ àmì ohùn.
Mo tẹ "aba", ó gbé "aba" jáde.
"Ilé ti aba Ìdí-Ọsàn sẹ́yìn."
Ta ni yóò mọ̀, ní ogún ọdún sí i,
bóyá àbá la tì sẹ́yìn ni,
tàbí abà, tòun ti ewúrẹ́ rẹ̀, tòun ti aboyún rẹ̀?

Lónìí àwọn tuntun ń ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn.
Ọdẹ́yalé ò sí níbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì.
Ó yà kí mi láàárọ̀, ọsàn mẹ́fà nínú ọ̀rá dúdú.
Ó ní omi ti kún.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bèèrè.

Mo yọ bírò pupa.
Mo ṣí ojú-ewé igba ó lé méje.
Kò sẹ́ni tó rán mi.
Lẹ́tà àkọ́kọ́, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, láìlámì.
Lórí èkejì, mo fa ìlà kékeré kan
tó rọ̀ wálẹ̀, tó rọra ń wálẹ̀,
bí ẹsẹ̀ agbẹ̀bí
tó ń wá ilẹ̀ nísàlẹ̀ odò.